Ènì Tó Ju Ọjà Lọ

Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Ariwo mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Oníbéèrè ọmọ rẹ ń jẹ́ kí o sinmi? Èmi wà o, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Tí mo bá ti jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kí n tó dìde.

Kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Ó ń dán débi pé mo kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ mi méjèèjì kí n tó ṣí i. Aṣọ́gbà ilé tó kọjú sí wa wọlé wá wò ó, ó ní, "Bàbá Má-mira, ẹ ti di ọ̀gá ńlá o!" Mo ní kó jókòó jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń pariwo "Má mira!" lé àwọn èèyàn lórí nídìí kámẹ́rà, orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ mi, mo sì mọ̀ pé á bá mi dé sàréè.

Nǹkan kan ló kù. Ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń bọ́ mi nìyẹn báyìí. Ta ló tún ń wá ya fọ́tò? Gbogbo èèyàn ló ní fóònù. Àwọn tó ń wá ni àwọn tí fọ́tò bàbá wọn ti ya, tàbí tí omi ti ba ti ìgbéyàwó wọn jẹ́. Jọ̀ọ́, bá mi wá ètò tó ń tún fọ́tò ṣe, ọ̀kan péré.

Ní ti fọ́tò ìyá rẹ tí o ní kí n tún ṣe, mo gbé e jáde látinú àpótí lánàá. Ikán ti dé ibẹ̀, Ariwo. Ó ti jẹ apá òsì ojú rẹ̀ láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n, ó sì ti gba àárín ẹnu kọjá. Inú mi bàjẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo yẹn náà la ní. Èmi tí mo ya gbogbo àdúgbò tán, ìyàwó mi ò jẹ́ kí n ya òun. Ọjọ́ tí mo rí èyí yà, ó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo pè é, ó yíjú padà pẹ̀lú ẹ̀rín, mo tẹ̀ ẹ́. Ó bá mi jà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà tó kú. Mo mọ̀ pé o ò rántí ojú rẹ̀. Mo fẹ́ kí o rí i dáadáa kí èmi náà tó lọ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń bẹ orúnkún.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ fi omi gbígbóná jó orúnkún yẹn ní àárọ̀, ẹ má sì fi ṣe àwàdà. Àwa wà. Oníbéèrè ń bi mí lójoojúmọ́ pé ta ni òun jọ, mo máa ní èmi, á ní èmi wá ńkọ́, ta ni èmi jọ?

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn yìí kan náà ni mo ṣì wà, nísàlẹ̀ ilẹ̀, kò sí fèrèsé, ooru ẹ̀rọ ń bù wá lójú látàárọ̀ dalẹ́. Èèyàn méjì ló ń ká aṣọ ibùsùn kan. Obìnrin tá a jọ ń ká a, Mo-ti-sọ là ń pè é, torí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé yìí tí kò ní sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀.

Mo wá ètò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Owó ẹ̀ nìkan ga jù. Ni mo bá rí ibi tí wọ́n ti dì í pọ̀ mọ́ mọ́kànlá mìíràn, ìdì kan náà, ẹ̀dínwó sì wà lórí ẹ̀: gbogbo méjèèjìlá ò tó iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan yẹn níbòmíì. Mo pariwo níbi iṣẹ́. Mo-ti-sọ ní kí n rọra. Ó ní ẹja tí kò tà lánàá ni wọ́n máa ń dì mọ́ tòní. Ó ní nínú irú ìdì bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ni èèyàn máa lò, á ṣí méjì wò lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kù á jókòó sínú kọ̀ǹpútà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílé ẹ̀. Mo ní ṣebí ọ̀kan náà ni mo wá, kí ló kàn mí nínú mọ́kànlá tó jẹ́ ènì? Mo sì rà á.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ o. Tí ẹ bá ṣí i, èyí tó ń tún fọ́tò ṣe nìkan ni kí ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Mo mọ̀ yín, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́.

Ariwo yín, tí kò pariwo lónìí.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Ariwo mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí apá rẹ ó rọ. Bí o ṣe rántí mi, ọmọ tìrẹ náà á rántí rẹ.

Mo fi gbogbo méjèèjìlá sí i. Má bínú. Ọmọ mi ò ní dúró sínú ooru látàárọ̀ dalẹ́, kó fi òógùn ojú ẹ̀ ra nǹkan méjìlá, kí n wá lo ọ̀kan, kí n wá sọ mọ́kànlá nù. Ìyẹn ò ní í jẹ́ ìwà àgbàlagbà. Ta ló tiẹ̀ ń kọ ènì? Sọ fún Mo-ti-sọ pé bàbá rẹ kì í ṣe aláìmoore.

Òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú wọn ò nítumọ̀. Ọ̀kan ń bi mí pé ife omi mélòó ni mo mu, mo ní kí ló kàn án. Ọ̀kan ń ya àwòrán ilé, èmi ò sì fẹ́ kọ́lé. Ọ̀kan ní kí n kó gbogbo ọ̀rọ̀ àṣírí mi fún òun, òun á bá mi ṣọ́ wọn. Mo ní a ò tíì mọ ara wa débẹ̀. Àmọ́ ọ̀kan wà tó wúlò gidi, Olùtọ́jú Ẹbí ni wọ́n pè é. Gbogbo fọ́tò tó bá wà lọ́wọ́ ẹni ló ń kó jọ, ó ń mọ ojú àwọn èèyàn inú wọn, ó sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Ó bi mí pé ṣé kí òun so ti àwọn ọmọ mi mọ́ tèmi. Mo ní mo bí ọ̀kan, kó so ó mọ́ ọn. Tó bá bi ọ́ lórí fóònù rẹ, kí o gbà fún un.

Wàyí o. Mo fi ẹ̀rọ ya fọ́tò ìyá rẹ wọ inú kọ̀ǹpútà, mo ní kí n lọ bu omi mu. Kí n tó dé, ojú ẹ̀ ti pé! Ihò tí ikán jẹ ti di, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti jáde, ojú òsì ti là. Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bi mí pé ibo ni mo lọ láti àárọ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí ọ. Wò ó, Ariwo, wo ìyá rẹ.

Bàbá rẹ, ẹni tínú ẹ̀ ń dùn.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Bàbá. Mo rí i. Inú ọkọ̀ ni mo wà nígbà tó wọlé, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Mo ní, ṣé bó ṣe rí rèé? Ṣé ẹni tó bí mi rèé? Oníbéèrè gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi ẹnu kan ojú ẹ̀. Ó ti ń kí i báyìí kó tó lọ síléèwé.

Mo gbà fún Olùtọ́jú Ẹbí náà o, torí pé ẹ̀yin lẹ ní kí n gbà. Inú mi ò kọ́kọ́ dùn pé ẹ ò gbọ́ tèmi, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ti nù.

Ìbéèrè kan ni mo ní, ẹ má rò pé mò ń wá àléébù. Ṣebí Màmá ní èjí? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń sọ ọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, pé èjí yẹn ló mú yín kó tó di pé ẹ mọ orúkọ ẹ̀, pé ẹ máa ń pa á lẹ́rìn-ín torí kó lè yọ. Àǹtí Aránṣọ tó jẹ́ àbúrò ẹ̀ náà ní èjí. Mo fẹ fọ́tò yìí títí, eyín ẹ̀ pàdé wẹ́kú. Ṣé ẹ lè bá mi wò ó?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ariwo,

Ṣé ara le? Èmi wà.

Òótọ́ lo sọ. Ìyá rẹ ní èjí, níwájú, lókè. Ètò yẹn ò mọ̀ ni. Mo ní kò burú, mo fi ọwọ́ ara mi ya èjí sí i, mo sì fi í pamọ́. Mo lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo dé, eyín ti pàdé. Mo ní bóyá mi ò fi í pamọ́ dáadáa, mo tún ya á. Oníbàárà kan wọlé, mo dá a lóhùn, mo yíjú padà, eyín ti pàdé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo fa àga mọ́ra, mo jókòó tì í, mo ń wò ó, òun náà ń wò mí. Mi ò ṣẹ́jú. Mo ní, "Lónìí la máa mọ̀." Ni mo bá sín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sín o. Mo lajú, eyín ti pàdé.

Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn. Ẹ̀rín náà ti tán báyìí.

Kápẹ́ńtà tó ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gbé fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀ wá, omi ti ba apá kan jẹ́ lẹ́yìn ìyàwó. Ibi tí omi bà jẹ́ yẹn, ètò náà fi obìnrin kan síbẹ̀. Ojú kan náà ni. Ojú tó fún ìyá rẹ, ẹ̀rín kan náà, eyín kan náà. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ kápẹ́ńtà. Ó gba fọ́tò, ó wò ó, omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Bàbá Má-mira, ẹ ṣé o. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rèé, ẹni tó tọ́ mi dàgbà." Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì gba tiẹ̀, ó ní ìyá àgbà òun ni. Nọ́ọ̀sì kan ní ọ̀rẹ́ òun tó kú ni. Kò sí ẹni tó bínú, Ariwo. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń fi ìka kan ojú ẹ̀ jẹ́jẹ́.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni o, ìwọ nìkan ni mo sọ fún.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ gbogbo ìdì yẹn kúrò. Bí ẹ bá ka ibí yìí tán, kẹ́ ẹ dìde.

Mo sọ ọ́ fún Mo-ti-sọ níbi tá a ti ń ká aṣọ. Ó bá mi kọ̀wé sí àwọn tó tà á fún wa. Èsì tí wọ́n fún wa ni pé ìdì la rà, àwọn kì í tú ìdì. Tí a bá yọ ọ̀kan, méjèèjìlá á jọ lọ ni, pẹ̀lú gbogbo fọ́tò tí Olùtọ́jú Ẹbí bá ti fọwọ́ kàn. Wọ́n ní ó wà nínú ohun tí a tẹ "Mo gbà" sí. Mo-ti-sọ kà á tán, kò sì sọ pé òun ti sọ. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ó ti dé ọ̀dọ̀ mi náà, Bàbá. Fọ́tò ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí, ẹ rántí pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi lọ. Obìnrin yẹn ti wà lẹ́yìn mi báyìí, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Nínú fọ́tò ìgbà tí mo bí Oníbéèrè, òun ló gbé ọmọ dání. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Kí n tó bẹ̀rù, inú mi ti kọ́kọ́ dùn. Gbogbo ọjọ́ yẹn tí mo dá wà, ó wá di pé mi ò dá wà.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ máa dá àwọn oníbàárà lóhùn, ẹ ní ẹ̀rọ bàjẹ́. Àmọ́ ṣáájú ohun gbogbo, ẹ bá mi mú bébà fọ́tò ti gidi, èyí tí ikán jẹ, ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Apá ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó pé mọ́. Ìdajì ojú ìyá mi tó mi.

Ọmọ yín, tí ẹ̀rù ń bà.


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Bàbá,

Ẹ ò fèsì. Mo pe fóònù yín, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo pe aṣọ́gbà, ó ní ẹ wà o, ara yín le, ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú ibẹ̀. Mo ní ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀? Ó ní òun ò rí ẹnì kankan.

Kí ni mo ṣe fún yín? Ṣé torí pé mo ní kí ẹ yọ ọ́ kúrò ni? Ọmọ kan lẹ bí, Bàbá. Tí ẹ ò bá dá mi lóhùn, ta lẹ fẹ́ dá lóhùn?

Àpòòwé ò tíì dé o.

Èmi ni.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

A dúpẹ́ pé o wà dáadáa. Àwa náà wà, ara wa le.

Má jẹ́ kí ọkàn rẹ dà rú mọ́. Mo ti ro gbogbo ẹ̀ dáadáa, mo sì ti rí i pé ìdì yẹn, kò tíì sí ohun tó tó o tẹ́nikẹ́ni rà fún mi láyé yìí. Ṣọ́ọ̀bù mi ń kún. Àwọn èèyàn ń gbé fọ́tò tí kò ya rárá wá, wọ́n ní kí n ṣáà tún un ṣe. Wọ́n fẹ́ kí ojú yẹn wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra férémù lóṣù yìí.

Èjí wo lo ń sọ? Ìyá rẹ ò ní èjí. Mi ò mọ ibi tí o ti gbọ́ ọ, ọmọ kékeré máa ń da nǹkan pọ̀. Ìyàwó mi ni, ojú mi ni mo fi rí i. Eyín ẹ̀ pàdé dáadáa.

Bébà yẹn, mo ti sun ún láti oṣù kẹta. Ikán ṣì wà lára ẹ̀. Iṣẹ́ tiwa, bí a bá ti rí ẹ̀dà tó dára, bébà tí ikán bá wà lára ẹ̀, a kì í dá a padà sínú àpótí, kó má baà jẹ èyí tó kù. O mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Kí lo tún fẹ́ fi ìdajì ṣe nígbà tí odindi wà?

Òun náà ní kí n kí ọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Àǹtí rẹ aránṣọ ló ń kọ ọ́. O kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí o ṣe sunkún lórí fóònù, mi ò lè jókòó. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí máṣíìnì, mo wọkọ̀ lọ bá bàbá rẹ.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Gbogbo ara ògiri, férémù lórí férémù, ìdílé èyí, ìdílé tọ̀hún, òun náà ló sì wà nínú gbogbo wọn. Obìnrin kan ṣoṣo. Bàbá rẹ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó gbé oúnjẹ ka iwájú, síbí méjì ló fi sí i. Ó ní, "Àbúrò ìyàwó mi, káàbọ̀. Wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo ní, "Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi." Ó ní ṣé mo ti ń gbàgbé ni. Mo gbá ilẹ̀kùn, mo ní, "Èmi! Ta ló bá a sùn lórí ẹní kan náà?" Mo la ẹnu mi fún un. Mo ní, "Wò ó! Èjí ìyá wa rèé. Gbogbo wa la ní in, ti ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ̀ ju tèmi lọ, ó máa ń fi súfèé láti ibẹ̀ pe adìẹ." Ó wò mí lẹ́nu títí. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé ọmọ ìyá kan náà lẹ̀yin méjèèjì?"

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ mo rí ojú ẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí ni. Ó fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo ní, "Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ ni." Ó bú sẹ́kún. Ó ní tí òun bá pa á rẹ́, òun á tún di opó lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kó pa á rẹ́, èmi á dúró tì í.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ. Níbi tí mo ti ń dúró dè é, tí kò tíì lè tẹ̀ ẹ́, èmi náà ń wo obìnrin yẹn. Kí n tó jáde, mo ní láti fi ìka bọ ẹnu mi, kí n wá èjí mi kàn, kó tó dá mi lójú. Mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Má bínú sí mi.

Àǹtí rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù karùn-ún

Ariwo mi,

Dárí jì mí. Mo ti yọ ọ́.

Àwọn tó tà á ò purọ́. Méjèèjìlá jọ lọ, gbogbo fọ́tò sì bá wọn lọ, ti kápẹ́ńtà, ti olùkọ́, ti nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ọdún mélòó kan tí mo kó sínú ẹ̀. Mo já àwọn ti ara ògiri kalẹ̀ fúnra mi. Àwọn èèyàn wá bú mi. Kápẹ́ńtà ní mo ti pa ẹ̀gbọ́n ìyá òun. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ẹni tí kò wáyé rí ló ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀.

Mo sọ fún ọ nígbà kan pé ìdì yẹn dára. Kò wọ́n, ìyẹn dá mi lójú. Mo rò pé ọjà la rà, tí wọ́n sì fi ènì sí i. Mi ò mọ̀ pé ènì náà ló ń rajà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Mo jókòó, mo di ojú mi, mo ní kí n rí ìyá rẹ. Òun ló yọ. Mo tún dì í, mo ronú nípa ẹ̀yìnkùlé, aṣọ tó ń sá, ó yíjú padà, òun náà ni. Àǹtí rẹ sọ fún mi pé èjí wà, mo gbà á gbọ́, àmọ́ mi ò rí i mọ́. Mo ti fi ọwọ́ ara mi sun ojú ìyàwó mi. Ọmọ mi, mo tún ní láti sọ èyí fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí: àárò ń sọ mí, kì í sì í ṣe àárò ìyá rẹ.

Ti ìwọ ṣì wà lórí fóònù rẹ. Pa á rẹ́ lónìí, kí ìwọ náà tó dà bí mo ṣe dà.

Bàbá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mi ò bínú sí yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mo bínú. Èmi ni mo ra ìdì náà.

Lẹ́tà yín dé, mi ò lè ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Mo ní kí n ká aṣọ tán, kí n se oúnjẹ tán. Lọ́jọ́ Àìkú mo jókòó sórí ibùsùn, mo tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Obìnrin yẹn wà nísàlẹ̀ ìbéèrè náà, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé á yí ojú padà, tàbí kó bínú. Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ ẹ̀.

Oníbéèrè wọlé, ó ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ fẹ́ lé Màmá Àgbà?" Mo ní kì í ṣe Màmá Àgbà. Ó ní ta wá ni? Bàbá, mi ò mọ̀. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀. Ó ní ṣebí ó fẹ́ràn wa. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó dá mi lójú.

Gbogbo ẹ̀ lọ. Fọ́tò ọjọ́ ìwé ẹ̀rí, ti ọjọ́ tí mo bímọ, gbogbo ẹ̀. Ọmọ mi bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún, a wó lulẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ìyá mi kú, mo kéré jù, ẹ ní mo ń ṣeré ni lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, mi ò sunkún rárá. Gbogbo ẹkún yẹn ló ti ń dúró nínú mi láti ọjọ́ yìí wá. Ó ti tán báyìí, Bàbá. Ẹkún ìyá mi ni, ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni mo sì sun ún fún.

Ariwo yín.